Bẹ́ ẹ bá ń wá jọ́ìǹtì tó dáa ní Surulere, Yaba àti Mushin, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń sùn lẹ́yìn ògiri ẹ̀ léèrè

Aago méje ìrọ̀lẹ́ Fraidé ni. NEPA ti mú iná lọ láti ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni o, NEPA náà la ṣì ń pè é, bó tiẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2013 nìjọba ti tà á fáwọn aládàáni. Baálé ilé kan ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ẹ̀ ní Àpápá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti sọ ọ́ di jẹ́lẹ́ńkẹ́. Ó wọnú yàrá kan ṣoṣo tóun àti ìyàwó ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta ń gbé, ooru tó bá níbẹ̀ pọ̀ débi pé ògiri gan-an ń làágùn. Ṣé ẹ máa wá dá ọkùnrin náà lẹ́bi tó bá ní kóun jáde lọ gbatẹ́gùn díẹ̀ lódìkejì títì?

Ẹ má dá a lẹ́bi o. Ní Mẹ́ńlándì tiwa yìí, àìmọye èèyàn ni kò ní pálọ̀ tiẹ̀. Àgbàlá ọlọ́tí ni pálọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó kú àtẹni tó bímọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń wo bọ́ọ̀lù Arsenal àti Chelsea.

Ṣùgbọ́n jọ́ìǹtì ju jọ́ìǹtì lọ. Ọ̀kan wà tẹ́ ẹ máa jókòó sí, tára yín á silé, tẹ́ ẹ máa gbọ́ gbogbo ohun tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, tẹ́ ẹ sì máa padà sílé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Òmíràn wà tó jẹ́ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ lẹ máa fi jẹ ẹran, ẹ̀fọn á fẹsẹ̀ yín ṣe súyà, ariwo ẹ̀rọ orin á fẹ́ẹ̀ fọ́ yín létí, ẹ ó sì tún sanwó lé e lórí. Ìdí nìyí tí akọ̀ròyìn yín fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta rìn kiri, ọ̀kan ní Surulere, ọ̀kan ní Yaba, ọ̀kan ní Mushin. A ò ní dárúkọ ọlọ́tí kankan tó ń tà lónìí, torí a ò gba owó ìpolówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a ò sì fẹ́ kẹ́nì kan ní a ba ọjà òun jẹ́. Ohun tá a máa sọ fún yín ni bí ẹ ṣe máa dá èyí tó dáa mọ̀ bẹ́ ẹ bá rí i.

ÀTÌGBÀ BÓBBY BENSON LỌ̀RỌ̀ ÀGBÀLÁ TI WÀ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò díẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde nílé iṣẹ́ Nigerian Breweries l'Ékòó níbí. Nígbà tó di 1962, Guinness náà ṣí ilé iṣẹ́ tiẹ̀ n'Ìkẹjà, òun sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ní lẹ́yìn ilẹ̀ Ireland àti Gẹ̀ẹ́sì. Kí bíà ìgò tó gbòde, ẹmu àti ògógóró làwọn bàbá wa ń mu, abẹ́ igi sì ni wọ́n ti sábà máa ń mu ún. Ẹ ò rí i pé abẹ́ igi ló ti wà nílẹ̀, bíà ló wá bá a níbẹ̀.

Láyé ọjọ́un, tẹ́nì kan bá ní òun ń lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Yaba tàbí Mushin, kì í ṣe ibùsùn ló ń wá. Bíà tútù, báńdì tó ń kọrin àti ibi tèèyàn ti lè jó tí atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i lára ló ń wá lọ. Bóbby Benson ní Caban Bamboo tiẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Kakadu wà ní Alágómẹjì, Yaba, níbi tí Fẹlá ti ń ṣeré kó tó di pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Roy Chicago àtàwọn ọmọ ẹ̀ kọrin ní Abalabi Hotel ní Mushin. Dókítà Victor Ọláìyá, tó dolóògbé lọ́jọ́ 12, oṣù kejì, ọdún 2020 lẹ́ni ọdún 89, ló ni Stadium Hotel ní Surulere, Papingo ni wọ́n sì ń pe ibi ijó tó wà níbẹ̀.

Èyí tó wá gbajúmọ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀ ni Empire Hotel n'Ídìí Orò, Mushin. Nínú àgbàlá ibẹ̀ ni Fẹlá gbé Shrine ẹ̀ kalẹ̀ sí láàárín ọdún 1970 sí 1977. Ilé Fẹlá fúnra ẹ̀, Kalakuta, kò jìnnà síbẹ̀, lójú ọ̀nà Agége Motor Road. Ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977 làwọn ṣọ́jà ya bo ilé náà tí wọ́n sì dáná sun ún. Shrine kúrò ní Mushin lẹ́yìn wàhálà yẹn, n'Ìkẹjà ló wà lónìí.

Kí nìdí tá a fi ń sọ gbogbo èyí? Nítorí pé àwọn ibi tá a dárúkọ yìí, àyè ló sọ wọ́n di ńlá. Àyè wà láàárín tábìlì kan sí èkejì, ojú sánmà wà lókè, èèyàn sì lè mí. Àyè yẹn gan-an ló ń wọ́n wa lónìí, kì í ṣe ọtí.

SURULERE: ẸNI TÓ BÁ YÀ KÚRÒ LÓJÚ TÍTÌ NÁÀ LÓ MÁA RÍ I

Ká bẹ̀rẹ̀ láti Surulere. Láti àárín ọdún 1955 síwájú, nígbà tí wọ́n ń wó àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ibí ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tọ́rọ̀ kàn wá. Ìjọba ló wọn ilẹ̀, ìjọba ló là á sí òpópónà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Surulere fi ní iwájú ilé tó gbòòrò díẹ̀, tí wọ́n sì gbin igi fúrúùtù tàbí máńgòrò síbẹ̀. Iwájú ilé yẹn làwọn ọmọ onílé sọ di jọ́ìǹtì lónìí.

Tó bá jẹ́ pé ojú títì ńlá bíi Bode Thomas tàbí Adéníran Ògúnsànyà nìkan lẹ mọ̀, owó gọbọi lẹ máa san, nítorí ẹ ń bá wọn san owó iná aláràbarà tó wà lára ògiri. Ẹ yà sẹ́yìn Adélabú tàbí àwọn òpópónà kéékèèké tó wà l'Ágùdá. Níbẹ̀ la ti bá màmá kan tó ń ta bíà àti pẹpẹ súùpù lábẹ́ igi fúrúùtù. Tábìlì mẹ́jọ péré ló ní. Kò sí ẹ̀rọ orin, rédíò kékeré kan ló wà lójú fèrèsé. A bi í pé kí ló dé. Ó ní àwọn oníbàárà òun ti dàgbà, ọ̀rọ̀ ni wọ́n wá ń sọ. A béèrè iye tó ń ta ẹran kó tó bu ú sínú abọ́, ó sọ ọ́ fún wa láìfajú ro. A ní a fẹ́ lọ ṣe gáà, ó nawọ́ sí ilé ìyàgbẹ́ kan lẹ́yìnkùlé, omi wà níbẹ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́ yẹn ṣeré o. Bẹ́ ẹ bá dé jọ́ìǹtì tẹ́ ẹ sì rí i pé inú gọ́tà làwọn ọkùnrin ń dojú kọ, ẹ dìde. Ẹni tí kò ro tẹni tó ń tọ̀, kò lè ro tẹni tó ń jẹun.

Surulere náà ti pàdánù o. Inú ọgbà pápá ìṣeré National Stadium, tí wọ́n fi gbàlejò ìdíje All-Africa Games lóṣù kìíní ọdún 1973, jẹ́ ibi tí àwọn ará àdúgbò ti ń jẹ pẹpẹ súùpù ní gbangba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ ni O'Jez wà, níbi táwọn àgbà olórin háílaìfù ti máa ń kóra jọ. Ìjọba àpapọ̀ ti wá lé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣòwò nínú ọgbà náà lọ nígbà tí Sunday Dare ṣe mínísítà eré ìdárayá, pé ilé bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọjà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó ṣètò ibòmíràn fáwọn tó ń gbatẹ́gùn níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí n'Ígànmú tó múlé gbe Surulere. Àwọn òṣèré, àwọn oǹkọ̀wé àtàwa oníròyìn kò lè gbàgbé Abẹ́ Igi, ìyẹn ibi ìmutí tó wà nínú ọgbà National Theatre. Tẹ́ ẹ bá ń wá òṣèré tó jẹ yín lówó, ẹ kàn gba ibẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́ ni. Lọ́dún 2021 ni wọ́n gbé ilé náà fáwọn ilé ìfowópamọ́ kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ti tún un ṣe tán, ó ti ń dán gbinrin, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló sì ń jẹ́ báyìí. Àmọ́ ayé Abẹ́ Igi, tí ẹni tó ní owó bíà kan ṣoṣo lápò ti lè jókòó ti olókìkí, ìyẹn ti di ìtàn.

YABA: ẸNI TÓ Ń JÓKÒÓ NÍBẸ̀ LẸ MÁA WÒ

Yaba tiẹ̀ yàtọ̀. Yábà Tẹ́ẹ̀kì wà níbẹ̀ láti 1947, Yunifásítì Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1962 wà l'Ákọkà. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, ọtí kì í wọ́n jù, ariwo ló máa ń pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí apá Abúlé Ọjà àti Onike lálẹ́ Sátidé, ẹ múra sílẹ̀ pé orin jọ́ìǹtì mẹ́ta lẹ máa gbọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò sì ní mọ èyí tẹ́ ẹ máa jó sí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ wá ibi táwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ti ń ta ayò. Irú wọn ṣì wà ní àwọn òpópónà àtijọ́ ní Alágómẹjì, wọ́n kì í sì í kọ àlejò.

Ohun kan wà tá a kíyè sí ní Yaba, a fẹ́ kẹ́yin náà máa kíyè sí i. Ní jọ́ìǹtì kan tó wà nínú àgbàlá ilé àtijọ́ kan, obìnrin méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń jẹ ẹja yíyan, wọ́n ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì í. Kò sẹ́ni tó wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ní ibòmíràn tá a kọ́kọ́ dé, kí obìnrin tó jókòó tán ni bàbá kan tó lè bí i lọ́mọ ti ń wọ́ àga sún mọ́ ọn, tí olótùú ibẹ̀ ń wò, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má sọ pé èyí ò kàn yín. Jọ́ìǹtì tí obìnrin ò ti lè dá jókòó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń fọ́ ìgò mọ́ra wọn lórí. Kí ẹ tó bèèrè bíà, ẹ wo ojú àwọn obìnrin tó jókòó síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọn ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá, ẹ bi ara yín pé kí ló lé wọn.

MUSHIN: IBI TÍ MO TI GBẸ́KỌ̀Ọ́

Ní Mushin, ilé fara mọ́lé. Láti Olóṣà dé Ìdí Orò, láti ọjà Ojúwoyè dé Pápá Àjàó, ó ṣòro kéèyàn tó rí àgbàlá tó ṣófo. Orí gọ́tà ni ọ̀pọ̀ jọ́ìǹtì ti ń tà, bẹ́ńṣì kan sọ́tùn-ún, bẹ́ńṣì kan sósì. Àwọn tó dáa jù níbẹ̀ kì í hàn sójú títì. Inú kọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń wà, lẹ́yìn ilé, níbi táwọn ẹlẹ́mu ti ń gbé kèrègbè wọn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ní láti bi ará àdúgbò kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra nítorí ògógóró àti paraga tẹ́ ẹ ò mọ ẹni tó pò ó o. Ẹ rántí pé lóṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn kú bí adìẹ ní Òde Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan kọ́kọ́ sọ pé òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò ló wá fi hàn pé májèlé tí wọ́n ń pè ní methanol ló wà nínú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu. Methanol kì í yí àwọ̀ ọtí padà, ojú ò lè dá a mọ̀.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí n fi "a" sílẹ̀, kí n sọ "mo" díẹ̀, torí Mushin ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ tí mo fi ń kọ nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbéyàwó, yàrá kan àti pálọ̀ la háyà lẹ́yìn jọ́ìǹtì kan. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ gba ilé náà gan-an ni jọ́ìǹtì yẹn. Ara mi yá gágá. Mo kàn máa sọdá ni, wọ́n á gbé Ọdẹkú mi wá láìbéèrè. Bí wọ́n bá yí orin sókè ní aago méjìlá òru, èmi ni mo máa ń pariwo jù pé kí wọ́n tún fi kún un.

Ìyàwó mi wá bímọ. Lóru ọjọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní ọsibítù, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́. Sípíkà tí mo ti máa ń jó níwájú ẹ̀ ló kọjú sí fèrèsé wa gbọ̀ngbọ̀n. Bí ìlù bá ti dún, ọmọ á ta gìrì. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí. Aago méjì lù, aago mẹ́ta lù. Mo gbọ́ tẹ́nì kan pariwo lóde pé kí wọ́n fi kún un, mo sì mọ ohùn ẹni náà, ọ̀rẹ́ mi ni. Òwe àwọn àgbà ló sọ sí mi lọ́kàn lóru yẹn: ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ọlọ́tí náà. Mo rò pé a máa jà ni. Kò jà. Ó ní ọdún mẹ́rin lòun ti ń tajà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wá bá òun lọ́rọ̀ pẹ̀lẹ́ rí, èébú nìkan ni wọ́n máa ń jù lu òun láti ojú fèrèsé, òun sì rò pé ìlara ni. Ó yí sípíkà kọjú sí ògiri ìta, ó sì gbà pé tó bá ti di aago mọ́kànlá, rédíò ni. Àwọn kan bínú kúrò níbẹ̀. Àwọn mìíràn wá rọ́pò wọn, àwọn tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Mi ò sọ pé gbogbo ọlọ́tí ló máa ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn kan máa lé èèyàn jáde ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí mo bá dé jọ́ìǹtì tuntun, kì í ṣe ẹran tó wà lórí iná ni mo kọ́kọ́ ń wò. Fèrèsé tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni.

ÒFIN WÀ, ẸNI TÓ MÁA TẸ̀LÉ E LÓ KÙ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àánú nìkan ni mò ń sọ. Òfin wà. LASEPA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, ti fi òdiwọ̀n sí i pé ní àdúgbò táwọn èèyàn ń gbé, ariwo kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 lọ lójú ọ̀sán, àti 45 lóru. Kẹ́ ẹ lè mọ bí 45 ṣe kéré tó, kò tó ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì ń bára wọn sọ nínú yàrá. Wọ́n máa ń ti jọ́ìǹtì pa nítorí ẹ̀, wọ́n máa ń ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí náà pa.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà ńkọ́? Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ wọn ni láti fún ọlọ́tí ní láísẹ́ǹsì, kí wọ́n sì máa ṣàkóso ọtí títà. Ẹ̀yin alága káńsù ní Surulere, Yaba àti Mushin, ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn wá gbowó tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ sì máa lọ. Ẹ béèrè ilé ìyàgbẹ́ kẹ́ ẹ tó fún wọn níwèé. Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ kọjú sí. Ẹ tún wo ilẹ̀ gbalasa tó wà ládùúgbò, kẹ́ ẹ gbin igi síbẹ̀, nítorí báwọn èèyàn ò bá ríbi gba atẹ́gùn, orí gọ́tà ni wọ́n máa jókòó sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń mu ún náà, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Gbogbo wa la mọ Àyìnlá Ọmọwúrà, Ẹ̀gún Mọ́gàjí, ọ̀gá nínú orin Àpàlà. Ọjọ́ 6, oṣù karùn-ún, ọdún 1980 ló kú l'Ábẹ́òkúta. Kì í ṣe àìsàn ló pa á. Ilé ọtí ló wà, l'Ágọ́ Ìkà, òun àti mánẹ́jà ẹ̀ ló ń fa ọ̀rọ̀ nítorí ọ̀kadà, ni ẹni yẹn bá la kọ́ọ̀bù bíà mọ́ ọn lórí. Bí ọkùnrin tí gbogbo Yorùbá ń jó sí orin ẹ̀ ṣe lọ nìyẹn, lẹ́ni ọdún 47. Ẹ jọ̀ọ́, bí ohùn bá ti ń lọ sókè ní tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má dúró wòran. Ẹ sanwó yín, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ọkọ̀ ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá ti mu ún, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tó ti ń kó èrò láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ń dúró ní Yaba àti Mushin, àmọ́ kò ní dúró de ẹni tí ọtí ò jẹ́ kó dìde o. Jọ́ìǹtì tó dáa jù ni èyí tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé, tẹ́ ẹ sì lè fẹsẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀.

Ní báyìí tí ìgò bíà kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà ní ọ̀pọ̀ ibi, kò yẹ kéèyàn fowó ẹ̀ ra ìyà. Torí náà, lọ́jọ́ Fraidé tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó fa àga jókòó, ẹ wo òkè bóyá igi wà tàbí ojú sánmà. Ẹ wo ẹ̀yìn bóyá ilé ìyàgbẹ́ wà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ bóyá obìnrin jókòó pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo fèrèsé tó wà lẹ́yìn ògiri. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹni tó ń gbé níbẹ̀ jáde wá, tó kí ọlọ́tí pẹ̀lú ẹ̀rín, tóun náà sì fa àga jókòó, ẹ jókòó tì í. Ẹ ti débẹ̀ nìyẹn.